Dígí púpọ̀ kọ́ ni ìmọ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yaba. A fẹ́ kọ́ ilé sáyẹ́ǹsì alájà méjì tí a ò ní máa tan iná níbẹ̀ lọ́sàn-án. Nínú àwòrán tí wọ́n mú wá, dígí ni gbogbo iwájú ilé, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn nítorí pé ibẹ̀ ni títì wà. Ṣé kí á gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Ìmọ́lẹ̀ lẹ ń wá, oòrùn ni àwòrán yẹn fẹ́ gbé wá bá yín. Tó bá ti di aago mẹ́ta, oòrùn á ti wálẹ̀, á máa wọlé tààrà, kò sì sí ìborí tó yọ síta lókè fèrèsé tó lè dá a dúró. Mo ti wọ irú láàbù bẹ́ẹ̀ rí: páálí ni wọ́n fi dí dígí, iná wà ní títàn lọ́sàn-án gangan, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ dísù nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí oòrùn bá kọ lu tábìlì, iná Bunsen, iná gáàsì tí à ń lò ní láàbù, kì í fẹ́ẹ̀ hàn sójú mọ́. Ọmọ lè na ọwọ́ sí i láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ilé náà gùn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀, kí fèrèsé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Àtẹ̀gùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ fi sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kí wọ́n máa gba ooru sára. Ẹnu ọ̀nà tó rẹwà ṣì lè wà níbẹ̀, lójú títì.

Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní àtàrí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, ìhà àríwá ló ń gbà. Àwọn oṣù yòókù, gúúsù ni, ó sì máa ń fì sí gúúsù ní oṣù kejìlá ju bó ṣe ń fì sí àríwá ní oṣù kẹfà lọ. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 fi ń fẹ́ ìborí tó yọ síta ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gúúsù, tí ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ sì tó ní àríwá.

Kí orí fèrèsé ga dé abẹ́ àjà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń wọnú yàrá tó nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga yẹn: bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, á dé 20. Tí fèrèsé bá wà lọ́tùn-ún lósì, yàrá tó fẹ̀ ní 40 á mọ́lẹ̀ dé àárín. Ọ̀dà funfun ni kí ẹ kùn sí àjà.

Ohun kan ṣì kù tí wọ́n máa ń gbàgbé. Gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ihò èéfín kẹ́míkà yọ síhà ibẹ̀. Orí òrùlé, ní ìhà àríwá, ni kí ó gbà jáde.