Kí ló ń mú orílẹ̀-èdè wá bọ́ǹbù átọ́míìkì, kí ló sì ń mú un jáwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ ara rẹ̀ tú bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ palẹ̀. Ukraine náà kó èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì padà kógun wọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí ìròyìn bá ní orílẹ̀-èdè kan ń wá ohun ìjà yìí, kí ni mo lè wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Kí ló sì lè mú un jáwọ́?

Ìdáhùn: Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ wọn, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù àti ẹni tí wọ́n gbójú lé. Ṣáínà àti Íńdíà jagun ní 1962. Ṣáínà dán bọ́ǹbù rẹ̀ wò ní 1964, Íńdíà dán tirẹ̀ wò ní 1974. Pakistan ò tiẹ̀ dúró de ìgbà yẹn: ogun 1971 ti já apá ìlà-oòrùn rẹ̀ gbà, ó di Bangladesh, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1972. Ní oṣù May 1998, àwọn méjèèjì dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra.

Ẹ̀rù nìkan kọ́ ṣá. Jàpáánì àti Jámánì ní ìmọ̀ àti owó tí wọ́n lè fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà lórí ilẹ̀ wọn tó ń dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí Amẹ́ríkà kó lára àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Gúúsù Kòríà ní 1971, kíá ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ǹbù tirẹ̀ níkọ̀kọ̀. Amẹ́ríkà ló fi agbára dá a lẹ́kun. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé alágbára kan fẹ́ kó ogun rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ máa wo ọ̀rẹ́ náà dáadáa.

Ní ti ẹ̀rọ, ohun tó ṣòro jù ni èròjà inú bọ́ǹbù náà. Nínú uranium, irin tí wọ́n fi ń ṣe iná átọ́míìkì àti bọ́ǹbù, bí wọ́n ṣe wà á láti inú ilẹ̀, irú rẹ̀ tó wúlò, tí wọ́n ń pè ní U-235, kò ju 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ń lò máa ń jẹ́ 3 sí 5. Ti bọ́ǹbù máa ń tó nǹkan bí 90. Ẹ má rò pé ẹni tó wà ní 20 ṣì jìnnà sí 90 o. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ jù, nítorí náà ẹni tó ti dé 20 ti ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi fu ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí Iran dé 60 ní 2021. Àjọ IAEA, tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ átọ́míìkì káàkiri àgbáyé, ka U-235 tó tó kílógíráàmù 25, tàbí kílógíráàmù 8 plutonium, èròjà bọ́ǹbù mìíràn, sí ìwọ̀n tó lè di bọ́ǹbù kan. Tí ìjọba bá ń kó irú èyí jọ ju ohun tí ilé iṣẹ́ iná rẹ̀ nílò lọ, tó tún ń lé àwọn olùyẹ̀wò IAEA, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iná. Àdéhùn NPT, tó wà láti má jẹ́ kí bọ́ǹbù átọ́míìkì tàn kálẹ̀, pàápàá gbà kí orílẹ̀-èdè jáde lẹ́yìn ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Àríwá Kòríà kéde ní January 2003 pé òun jáde. Ní October 2006, ó dán bọ́ǹbù wò.

Gúúsù Áfíríkà ló kọ́ wa jù nípa jíjáwọ́. Bọ́ǹbù mẹ́fà ni ìjọba apartheid ṣe, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìkeje. Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí ni àwọn ọmọ ogun Cuba tó wà ní Angola, tí Soviet ń tì lẹ́yìn. Àdéhùn tó máa kó àwọn ọmọ ogun yẹn padà sílé wáyé ní December 1988, Namibia gba òmìnira ní 1990, ìjọba Soviet sì ń wó lọ. Àwọn kan ní àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ kí ANC, ẹgbẹ́ Mandela, jogún bọ́ǹbù náà. Lójú tèmi, ìdí méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ààrẹ De Klerk pàṣẹ kí wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n yọ́ uranium inú wọn, wọ́n ba àwọn àwòrán iṣẹ́ náà jẹ́, wọ́n fọwọ́ sí NPT ní July 1991, kó tó wá sọ fún ilé aṣòfin ní March 24, 1993. Àwọn olùyẹ̀wò IAEA fi àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe uranium náà wé iye tó wà nílẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò fi díẹ̀ pamọ́.

Ti Ukraine yàtọ̀. Nǹkan bí 1,900 bọ́ǹbù tó lè lọ ọ̀nà jíjìn ló wà nílẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Soviet tú ká, ṣùgbọ́n Moscow ló ní kóòdù tí wọ́n fi ń yìn wọ́n. Ìjọba Ukraine kò lówó tó lè fi tọ́jú wọn, kò sì ní ilé iṣẹ́ tó lè ṣe òmíràn rọ́pò wọn. Àṣìṣe tó bà mí nínú jẹ́ ni ìwé Budapest ti December 5, 1994, tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí Ukraine gbà láti kó wọn sílẹ̀. Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí níbẹ̀ pé àwọn á bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tó ní kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ ogun wá gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi bọ́ǹbù átọ́míìkì halẹ̀ mọ́ ọn, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n ní àwọn á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, níbi tí Rọ́ṣíà ti lè fagi lé ìpinnu. Bọ́ǹbù tó kù kẹ́yìn kúrò ní Ukraine ní June 1996. Rọ́ṣíà gba Crimea ní 2014, ó sì kógun wọlé ní 2022.

Gaddafi, olórí Libya, náà jáwọ́ nínú wíwá bọ́ǹbù ní December 2003; ìfìyàjẹ ọrọ̀ ajé wà lára ohun tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2011, NATO fi bàálù ogun ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó lé e kúrò lórí oyè lọ́wọ́. Àwọn aláṣẹ Àríwá Kòríà ti dárúkọ Libya ní gbangba gẹ́gẹ́ bí ìdí tí wọn ò fi ní kó tiwọn sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ti gbà láti jáwọ́, ẹ béèrè bóyá ọ̀tá rẹ̀ náà ti yí padà. Brazil àti Argentina, tí wọ́n ń fura síra wọn tẹ́lẹ̀, gbà ní 1991 láti máa yẹ ilé iṣẹ́ ara wọn wò nípasẹ̀ àjọ ABACC, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní.