Ẹ wo táńkì omi yín kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní ìbejì àti Ìdòwú lẹ ń fọṣọ fún, omi bọ́hóòlù lẹ ń lò, táńkì yín wà lórí irin lẹ́yìn ilé, iná kì í dúró, ẹni tó ń tajà sì ń fi dá yín lójú pé ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú dáa ju ọlọ́mọrí òkè lọ. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò béèrè bí táńkì yín ṣe ga tó, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà.

Mo ti lo oríṣi méjèèjì. Onílẹ̀kùn iwájú ni mo kọ́kọ́ rà, nígbà tá a ṣì ń háyà ilé n'Ìbàdàn. Táńkì ilé náà kò ga ju àjà lọ. Màá tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn á tì, omi á máa rọra wọlé bí ẹni ń fi ṣíbí bù ú. Tó bá yá, ẹ̀rọ á gbé àmì jáde pé òun ò rí omi, á sì dúró. Mo pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sanwó lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ohun kan tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìwé tó bá a wá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé agbára omi kò gbọ́dọ̀ dín sí 0.5 bar. Bó ṣe yé mi nígbẹ̀yìn nìyí: kí omi inú táńkì fi nǹkan bíi mítà 5 ga ju ẹ̀rọ lọ. Táńkì tó wà lórí irin tí kò ga ju orí ilẹ̀kùn lọ kò lè ṣe é, àfi tẹ́ ẹ bá fi pọ́ǹpù kékeré tì í lẹ́yìn.

Ọlọ́mọrí òkè náà fẹ́ kí omi lágbára díẹ̀. Àmọ́ tí omi bá kọ̀, ẹ ó ṣí ọmọrí, ẹ ó da gáráwà omi sí i, ó parí. Ti onílẹ̀kùn iwájú, ojú ihò ọṣẹ nìkan lẹ ti lè máa dà á, ife lẹ́yìn ife. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù kan, mi ò gbàdúrà ẹ̀ fún yín.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀rọ, omi ọṣẹ ti dé ìdajì gíláàsì, iná bá lọ. Ilẹ̀kùn ti tì pa. Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnnì, mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ́là funfun kan tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì níbi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Iná ò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀ lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé, èyí àgbà sì sunkún dé ẹnu géètì. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Asẹ́ wà níbẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa omi jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ní okùn kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fà á, ilẹ̀kùn ńlá á ṣí. Ẹ kọ́kọ́ fa omi jáde o, kí kíṣìnnì má bàa kún.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà ṣe mí léṣe. Ọṣẹ ìyẹ̀fun tá a fi ń fọwọ́ fọṣọ ni mò ń dà sí i, bó ṣe wù mí. Omi tí ẹ̀rọ yẹn ń lò kéré, ọṣẹ wá ń hó bò ó mọ́lẹ̀, kì í sì ṣàn kúrò tán. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó ń sú dúdú. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi ń pariwo bíi bàálù tó ń gbéra nígbà tó bá ń fún aṣọ. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ìlà pupa kan hàn mí lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù: omi ti wọ bíárìn, irin tó ń jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù yí geere, ó ti dípẹtà. Wọ́n sì ti lẹ dúrọ́ọ̀mù náà pa láti iléeṣẹ́, odidi rẹ̀ ni wọ́n máa pààrọ̀, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ tuntun.

Ni mo bá ra ọlọ́mọrí oníhò méjì, èyí tí apá kan ń fọ̀, tí apá kejì ń fún un. Ẹ̀rọ yẹn gbà mí. Kò ní bọ́ọ̀dù tí iná tó ń lọ sókè-sódò máa jó, bọ́tìnnì tí à ń yí ló ní. Iná lọ, iná dé, màá kàn tún bọ́tìnnì yí, á sì máa bá iṣẹ́ lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa sì ń gbé e. Àmọ́ ó ń so aṣọ ìró mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ yín náà ni yóò gbé aṣọ tútù láti ihò kan sí èkejì, ó sì ń mu omi. Ẹrù kan tí onílẹ̀kùn iwájú máa fi nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì 2 oní-lítà 25 fọ̀, kẹ́ẹ̀gì 4 tàbí 5 ni òun ń fẹ́.

Ní báyìí tá a ti wà nílé tiwa, tí ọkọ mi gbé táńkì sókè dáadáa, onílẹ̀kùn iwájú ni mo tún padà sí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Sítábíláísà wà lẹ́yìn rẹ̀, omi tútù ni mo sì máa ń yàn. Èyí tó bá ń mú omi gbóná á fa nǹkan bíi wáàtì 2000, ínfátà kékeré ò lè gbé e, fífọ̀ kan pẹ̀lú omi tó gbóná dé 60°C sì lè jẹ odidi yúníìtì kan. Nígbà tí wọ́n sọ yúníìtì àwọn Band A di náírà 225 lóṣù kẹrin ọdún 2024, ojú mi là sí èyí gan-an.

Fún yín, bí nǹkan ṣe wà yìí, ọlọ́mọrí òkè ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé táńkì sókè láàárín ọdún kan, ẹ fara da ìfọwọ́fọ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ ra onílẹ̀kùn iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá sì ti sanwó rẹ̀ tán, ẹ rí i pé wọ́n tú àwọn bóòtù gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó tàn án, wọ́n wà níbẹ̀ kí dúrọ́ọ̀mù má mì lójú ọ̀nà ni. Wọn ò tú tèmi àkọ́kọ́, ó rìn kúrò lára ògiri, ó sì fọ́ táìlì méjì. Ẹ máa nu rọ́bà yẹn gbẹ, ẹ máa fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Bọ́hóòlù tó ní ìpẹtà máa ń dí asẹ́ kékeré tó wà níbi tí rọ́bà omi ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ máa yọ ọ́ fọ̀.

Lọ́la, tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi téèpù wọn irin táńkì yẹn látilẹ̀ dókè, kẹ́ ẹ sọ iye mítà tó jẹ́ fún mi.