Oríkèé Ni Ẹ Ń Sanwó Fún: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Kẹ̀kẹ́ Akápọ̀

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó ń gbé kẹ̀kẹ́ Brompton tí wọ́n ti ká pọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin. Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí páìpù irin àti táyà kékeré méjì náà ni. (Òǹkàwé kan ní Peckham, London)

Kì í ṣe páìpù lẹ ń sanwó fún, oríkèé ni, ìyẹn ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ṣẹ́ po. Brompton ní mẹ́ta: ọ̀kan láàárín páìpù ńlá, ọ̀kan nídìí ọ̀pá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀kan níbi tí apá ẹ̀yìn ti ń yí wọ abẹ́. Bí ti àárín bá fi digrí kan péré wọ́, táyà iwájú tó jìnnà sí i ní nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà yóò yà kúrò lójú ìlà ní bíi mílímítà mẹ́sàn-án. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, kò sì sí sípánà tó lè tún un ṣe.

Ní Greenford, ní ìwọ̀ oòrùn London, níbi tí ilé iṣẹ́ náà kó lọ ní 2016, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jó férémù onírin. Wọn kì í yọ́ irin méjèèjì pọ̀ bí àwọn wẹ́dà ṣe ń ṣe. Idẹ ni wọ́n fi ń so wọ́n. Oníṣẹ́ á fi iná gáàsì mú ibi tí páìpù àti oríkèé ti pàdé gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná. Irin kì í yọ́ títí ooru yóò fi sún mọ́ 1,500°C, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 900°C, ọ̀pá idẹ ti yọ́. Àlàfo tó wà láàárín wọn tín-ín-rín gan-an, nǹkan bí 0.1 mílímítà. Bí idẹ bá ti yọ́, àlàfo yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò fà á wọlé, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Bí irin kò bá gbóná tó, idẹ á ṣù rúgúdú sórí rẹ̀ láì wọ inú. Lójú, ẹ ó rò pé ó ti mú, bẹ́ẹ̀ òde lásán ló mú. Bí ó bá gbóná jù, zinc tó wà nínú idẹ á bá èéfín funfun lọ, ihò wẹ́wẹ́ á sì kù síbẹ̀. Bí ọ̀rá tàbí ìpẹtà bá wà lójú irin, idẹ kò ní gbà á rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ ojú ibẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń fi flux, èròjà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ba irin gbígbóná jẹ́, kùn ún. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ́ ohun tó jó. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. A ka èyí sí pàtàkì ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Ẹ wá fi kún un pé ohun èlò tó wọnú kẹ̀kẹ́ kan lé ní 1,200, púpọ̀ nínú wọn kò sì bá kẹ̀kẹ́ mìíràn mu. Wọn ò lè lọ rà wọ́n lọ́jà bí ẹni ra sípóòkù.

Mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe èyí tí férémù rẹ̀ jẹ́ álúmínìọ́mù?

Rárá o. Irú ti Dahon, ilé iṣẹ́ tí David Hon dá sílẹ̀ ní California ní 1982, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń jó o. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ooru yẹn máa ń gba agbára álúmínìọ́mù. Ojú ibi tí wọ́n jó yóò rọ̀ ju ìyókù lọ. Nítorí náà, wọ́n á ti gbogbo férémù bọ inú ààrò ní nǹkan bí 530°C, wọ́n á rì í sómi lójijì, wọ́n á sì nà án tọ́ kíákíá nígbà tó ṣì rọ̀. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í le fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá a padà sínú ààrò ní bíi 175°C fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ kí ó lè gan. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló yẹ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ ha ojú oríkèé, torí ohun tí wọ́n bá ha ṣáájú, iná á tún fà á wọ́.

Bí wọ́n bá sì ń kun ọ̀dà, wọ́n gbọ́dọ̀ bo ojú oríkèé. Ọ̀dà tó bá wọ ibẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ìdè rẹ̀ á sì tú sílẹ̀ bí ẹ bá ti gùn ún fún oṣù mélòó kan.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n fi ń tà á? Mo fẹ́ máa ta kẹ̀kẹ́ ní Manchester.

Andrew Ritchie tó ṣe Brompton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láàárín 1975 sí 1976 nínú ilé tó ń gbé ní South Kensington. Ṣọ́ọ̀ṣì Brompton Oratory tó ń wò láti ojú fèrèsé ló fi sọ kẹ̀kẹ́ náà lórúkọ. Ó gbé e tọ Raleigh lọ, Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko yẹn, wọn kò gbà á. Àwọn 30 ènìyàn ló san £250 sílẹ̀ kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́. Ó ṣe 50, ó sì ta 20 tó kù. Ìgbà tó di 1988 ni ilé iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó ń rà á ni ẹni tí ọkọ̀ ojú irin kò gbé dé ẹnu ọ̀nà ilé àti ibi iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Bìrìtìkó, wọn kì í gba kẹ̀kẹ́ ńlá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí èrò bá pọ̀, àmọ́ èyí tó bá ti ká, ẹrù lásán ni wọ́n kà á sí. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó bá ti ká ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà: Brompton ìbílẹ̀ jẹ́ 585 × 565 × 270 mílímítà. Ẹ ká a lójú rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ wá fi lé e lọ́wọ́ pé kó ká a fúnra rẹ̀. Ẹ fi hàn án pé ṣéènì wà láàárín táyà méjèèjì, tí epo kò fi ní kan ṣòkòtò. Níbi èyí tó ń ká sí méjì lásán, ìta ni ṣéènì sábà máa ń wà.

Ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀ fún Cycle to Work, ètò ìjọba Bìrìtìkó tó wà láti 1999. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló ń san owó kẹ̀kẹ́, òṣìṣẹ́ á sì máa dá a padà láti inú owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. Ó ń mú kí kẹ̀kẹ́ tó wọ́n ṣe é rà. Bí ẹ bá ń ra ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá pẹ́dà wà nínú ìwúwo tí wọ́n kọ. Àwọn kan kì í kà á mọ́ ọn.

Mo rí tòkunbọ̀ kan nílùú Èkó. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ tú oríkèé àárín, kí ẹ fi àkísà nu gíríìsì rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ẹ wá a yí ká lójú ọ̀sán: ìlà dúdú tó tín-ín-rín bí irun níbi tí páìpù ti wọ oríkèé, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ti ń là nìyẹn. Ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdí ọ̀pá ọwọ́ náà, torí bí èyí bá ṣẹ́ lórí eré, ojú lẹ ó fi balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dè é padà, ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ sì máa tì í síwá-sẹ́yìn. Bí ó bá ń dún kọ̀-kọ̀ ní oríkèé, píìnì àárín rẹ̀ ti jẹ. Àtúnṣe rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó gba irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ha ihò rẹ̀ dọ́gba. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù gbá a wọlé. Ẹ jókòó sórí síìtì. Bí ó bá ń rì wálẹ̀, rọ́bà tó wà nínú páìpù rẹ̀ ti jẹ tàbí ó ti lọ́ràá.

Táyà ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù. 16 íǹṣì ni wọ́n ń pe ti Brompton, 16 íǹṣì ni wọ́n ń pe ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, síbẹ̀ wọn kò bára mu. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára táyà náà, ìyẹn ìwọ̀n rímù tó bá a mu ní mílímítà: ti Brompton ni 349, ti ọmọdé ni 305. Ti 20 íǹṣì náà pín sí 406 àti 451. 406 kò wọ́n lọ́jà. Bí tòkunbọ̀ tí ẹ rí bá jẹ́ 349, ẹ bèèrè táyà rẹ̀ ní Èkó kí ẹ tó dúnàádúrà.