Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Bíréèkì àti Ẹsẹ̀ Iwájú Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Bàbá wa tó dolóògbé fi píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún wa, ọkọ̀ náà sì ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa fún ọdún 6 láìsí ẹni tó ń wà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, èmi àti àbúrò mi sì fẹ́ máa fi kó gààrí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á yà sí apá ọ̀tún, táyà iwájú ọ̀tún á sì gbóná débi pé a kò lè fọwọ́ kan ríìmù rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú tún ń dún kòkòkò bí a bá bọ́ sí kòtò. Mẹkáníìkì wa ní pádì tuntun nìkan ni kí a kọ́kọ́ rà, pé ti ẹsẹ̀ lè dúró di ìgbà tí owó bá wọlé. Ṣé kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀? — Olùkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Igbó.

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run á bá wa fọ̀run kẹ́ bàbá. Ẹ má tíì ra pádì kankan. Irin kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ lára ọkọ̀ tó bá dúró fún ọdún 6. Rọ́bà ni, àti ọ́ìlì tó wà nínú bíréèkì. Pádì tó ti jẹ tán kì í mú kí táyà kan ṣoṣo gbóná bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ bíréèkì tó mú tí kò sì tú mọ́, ibi tí n ó sì ti kọ́kọ́ wò ni họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì láti ara páìpù irin wá sínú kálípà, ìyẹn irin tó ń fi pádì mú dísìkì.

Họ́ọ̀sì yìí máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé òde rẹ̀ lè dán nígbà tí inú rẹ̀ ti wú. Mo gé ọ̀kan sí méjì ní gárééjì wa ní Ìpẹru ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Ihò inú rẹ̀ kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá lọ, awẹ́ rọ́bà kékeré kan sì ti bó nínú rẹ̀, ó wá ń ṣe bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ọ́ìlì kọjá. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ́ìlì náà kò ní rí ọ̀nà padà, pádì á sì máa ha dísìkì títí gbogbo rẹ̀ á fi gbóná.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ fi igi dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lé irin ìdúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì rọ́pò irin ìdúró, nítorí ó lè fọ́ lójijì láìṣe àmì kankan. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbẹ́sẹ̀ kúrò, kí ẹ wá gbìyànjú láti yí táyà ọ̀tún. Bí kò bá yí, ẹ tú ibi tí họ́ọ̀sì ti pàdé páìpù irin díẹ̀. Bí táyà bá tú sílẹ̀ nígbà náà, òkè ni wàhálà wà, ẹ lọ wo màsítà, ìyẹn ibi tí bíréèkì tí ẹ tẹ̀ ti ń ti ọ́ìlì jáde. Bí kò bá tú, ẹ ṣí ìdérí kékeré tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà; bí ọ́ìlì bá ta jáde tí táyà sì yí wẹ́rẹ́, ẹ ti rí i pé họ́ọ̀sì ni. Bí ó bá ṣì le koko lẹ́yìn gbogbo èyí, písítìnì inú kálípà ló ti dípẹtà, ẹ ó sì ní láti tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi rọ́bà tuntun sí i. Ẹ máa rántí pé ọ́ìlì bíréèkì ń bó ọ̀dà ọkọ̀, ó sì burú fún ojú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá bá níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ tún ṣe pọ̀. Bí ẹ bá fi họ́ọ̀sì tuntun sí apá kan tí ẹ fi ògbólógbòó sílẹ̀ ní apá kejì, ọkọ̀ yóò tún máa yà, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀nà mìíràn ló máa yà sí.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ iwájú ni mo fẹ́ kí mẹkáníìkì yín tún rò dáadáa. Iṣẹ́ bíréèkì àti iṣẹ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ méjì lórí ọkọ̀ yìí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, gbogbo ẹrù ọkọ̀ máa ń rọ́ síwájú, bí búùṣì (rọ́bà ìsopọ̀) apá ìsàlẹ̀, ìyẹn irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé rẹ̀, bá sì ti jẹ, táyà á sún lẹ́yìn díẹ̀, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á sì yà pẹ̀lú pádì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí ẹ bá ti tú táyà, kálípà àti dísìkì kúrò, ẹsẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún yín nìyẹn. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi irin gígùn hú apá ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì bóyá ó ń mì. Ẹ sì wo rọ́bà tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni kòkòkò yín lè ti máa wá.

Ohun méjì ni kí ẹ kíyè sí níbí. Lára 504, inú sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì iwájú wà, sípíríǹgì náà sì wà ní fífún pọ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì òkè láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ mú sípíríǹgì náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Èkejì ni ọ̀rọ̀ búùṣì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo fún bóòtù búùṣì pinpin nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro, búùṣì tuntun náà sì ya kí oṣù mẹ́ta tó pé. Rọ́bà inú búùṣì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Bí ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà rẹ̀ ni rọ́bà náà á lọ́, á sì wà bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn kò tú. Ẹ kọ́kọ́ fi bóòtù náà sílẹ̀ ní dídẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ tó wá fún un pa.

Bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ti dúrọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe ti dísìkì. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀, torí pé láínì (ohun tó ń ha dúrọ́ọ̀mù bí pádì ti ń ha dísìkì) ayé àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó nù ún. Nígbà tí ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù bíréèkì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù sí màsítà, ìyẹn ẹ̀yìn ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ojú táyà kó gún régé.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo kí yín o. Píkọ́ọ̀pù ni mo fi ń kó obì. Ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọmọ tó ń bá mi wà á sì fi ọ́ìlì sítíárìn kún un. Bíréèkì ṣì ń mú. Ṣé ó léwu? — Ìyá Olóbì, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ó léwu gan-an ni, ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọkọ̀ náà má jáde lónìí. Ọ́ìlì sítíárìn máa ń mú kí rọ́bà inú màsítà àti kálípà wú, kó sì rọ̀ bí ògì. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú títí di ìsinsìnyí: rọ́bà kì í wú lọ́jọ́ kan. Ó dùn mí láti sọ fún yín pé dída ọ́ìlì náà nù nìkan kò tó. Gbogbo rọ́bà tó fara kan án, láti màsítà dé ẹ̀yìn, ni a ó pààrọ̀, a ó sì fọ inú àwọn páìpù irin kí a tó rọ ọ́ìlì tuntun sí i.

Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ rà, èyí tí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí bá sọ, inú agolo tí wọn kò tíì ṣí rí ni kó sì ti wá. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 230°C, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti fa omi, 155°C ni ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Bó bá hó nígbà tí ọkọ̀ yín kún fún obì, ategùn á rọ́pò ọ́ìlì, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlẹ̀ láìsí ohun tó dá ọkọ̀ dúró. Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, bó tilẹ̀ ṣì kún.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ra dísìkì àti họ́ọ̀sì tọ́kunbọ̀ ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó? — Àgọ́-Ìwòyè.

ÌDÁHÙN: Dísìkì, bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá nípọn ju iye mìlímítà tó kéré jù lọ tí wọ́n sábà máa ń lù sí ara rẹ̀, tí kò sì là. Ẹ mú ohun ìwọ̀n lọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á. Họ́ọ̀sì, rárá: ẹ kò lè rí inú rẹ̀.