Dókítà eyín méjì, ilé ìwòsàn kan: kí ni kí wọ́n fi sílẹ̀ ní CAC?

Ìbéèrè: Dókítà eyín ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ìwé àṣẹ wa sì pé. A fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn eyín sí Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní ká fi orúkọ òwò lásán sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, torí owó rẹ̀ kéré, àwọn mìíràn ní líńmítẹ́ẹ̀dì ló ń dáàbò boni. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká gbé e ka orí eyín. Ká ní ọ̀rẹ́ yín yọ eyín tó dá ṣáká, ó wá fi èyí tí kòkòrò ti jẹ sílẹ̀ lẹ́nu aláìsàn, onítọ̀hún sì pẹjọ́, ó jàre. Lábẹ́ orúkọ òwò, òfin ò mọ ilé ìwòsàn yẹn yàtọ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ ò tiẹ̀ sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kóòtù lè gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò yín.

LLP, ìyẹn àjọṣe òwò tí òfin fi ààlà sí gbèsè tó lè kan àwọn tó ni ín, ni mo fara mọ́ fún ẹ̀yin méjì. CAMA, òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020, ló gbé e wọlé. Ẹni ọ̀tọ̀ ni lójú òfin, ikú ẹnì kan kì í tú u ká, àṣìṣe ọ̀rẹ́ yín kì í sì í kan dúkìá yín. Àṣìṣe ọwọ́ ti yín ńkọ́? Kò sí ìforúkọsílẹ̀ tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, ì báà jẹ́ LLP, ì báà jẹ́ líńmítẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ tó di ẹ̀mú mú ni yóò dáhùn, nítorí náà kí kálukú yín ní inṣọ́ránsì iṣẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí LLP ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni jápa. Kò gbọdọ̀ dín ní èèyàn méjì, ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn tó ń darí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gbé Nàìjíríà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ̀wé fi í sílẹ̀, tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti ku ẹ̀yin nìkan, tẹ́ ẹ ṣì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, gbèsè tó bá wọlé lásìkò yẹn ti di ti yín. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú ìpín kálukú nínú èrè, kẹ́ ẹ tó ra àga aláìsàn.

Líńmítẹ́ẹ̀dì dára bí ẹni tí kì í ṣe dókítà bá fẹ́ fi owó sí i kó sì ní ṣíà. Ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá a sílẹ̀, ₦100,000 sì ni owó ṣíà tó kéré jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ yá owó ní báńkì, wọn yóò ní kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe onídùúró, ààbò yẹn sì ti bọ́ nìyẹn. Ẹ má sì gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé líńmítẹ́ẹ̀dì kékeré kì í san owó orí ilé-iṣẹ́: òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026 ti yọ iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú kúrò nínú àǹfààní yẹn. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, CAC yóò béèrè ìwé àṣẹ yín láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà àti dókítà eyín láṣẹ. Ìwé CAC kì í ṣe àṣẹ láti gba aláìsàn o; ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ lẹ ti máa gba ìyẹn.