Ìdí tí oògùn ojú fi ń korò lọ́nà ọ̀fun

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ máa kán ẹ̀kán mẹ́ta oògùn apakòkòrò náà sójú ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé púpọ̀ rẹ̀ ń ṣàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, tó sì ń ráhùn pé ọ̀fun òun ń korò. Rárá o. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, díẹ̀ ló sì kù kí ojú ọ̀tún mi bá a lọ.

Egbò ló yọ sórí dúdú ojú mi. Dókítà ní kí n máa kán oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní ciprofloxacin ní wákàtí wákàtí, tọ̀sán tòru, ó sì fi oògùn mìíràn tì í. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú náà ṣì pọ́n koko, ó ń ta mí bí ẹni pé wọ́n bu ata sí i, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi. Nígbà tí mo padà lọ, nọ́ọ̀sì àgbà kan ní kí n kán an kí òun rí i. Mo gbórí sókè, mo kán ẹ̀kán mẹ́ta sáàárín dúdú ojú, mo ṣẹ́jú wéréwéré, mo fi áńkáṣíìfù nù ún, mo sì na ọwọ́ sí ìgò kejì lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọ̀fun lẹ ń tọ́jú, ẹ ò tíì tọ́jú ojú."

Ẹ̀kán kan máa ń tó màíkírólítà 30 sí 50 (màíkírólítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà), bẹ́ẹ̀ ojú kò lè gbà ju nǹkan bí 30 lọ, kódà fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù yóò dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí kí ó gba ihò kékeré tó wà ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú wọ inú imú, kí ó sì dé ọ̀fun. Ibẹ̀ ni kíkorò náà ti ń wá. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ́jú ni a ń fa oògùn gba ihò yìí lọ. Bí a bá sì tètè kán òmíràn, ti kejì yóò ṣan ti àkọ́kọ́ dànù.

Láti ọjọ́ náà, mo ń fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kí ó dà bí àpò, mo ń kán ẹ̀kán kan péré síbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ìpéǹpéjú, mo ń rọra pajú dé láìfún un pọ̀, mo sì ń fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú 5 gbọ́dọ̀ kọjá kí oògùn kejì tó wọlé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ìpara, òun ni yóò kẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ méjì, ìrora náà ti rọlẹ̀ gan-an.

Ti ọmọdé ló nira jù, nítorí pé wọ́n máa ń fún ojú pọ̀ kí oògùn tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ kí ó kọjú sókè, kí ó pajú dé, kí ẹ kán ẹ̀kán kan sínú kòtò igun ojú náà, kí ó wá rọra lajú, oògùn yóò wọlé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó tún pajú dé, kí ẹ sì tẹ igun náà. Ọmọ tèmi máa ń ka ení, èjì títí dé ọgọ́fà kí n tó yọ ìka, bí ó bá sì fo ọ̀kan, ó di dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.