Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Báwo La Ṣe Máa Kọ Nípa Eré Àwọn Ará Ilé Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Àwa ọ̀dọ́ kan láti Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí la ń kọ̀wé sí yín. A máa ń lọ wo dírámà táwọn ṣọ́ọ̀ṣì, skúùlù àtàwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń ṣe láti Ìjùmú dé Yàgbà, àá wá kọ nípa ẹ̀ fáwọn tí ò ráàyè wá. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo àwọn tó ń ṣeré la mọ̀, tá a bá ní ó dáa wọ́n á ní à ń pọ́n wọn, tá a bá ní kò dáa, ìyá ẹnì kan á dá wa dúró lọ́jà. Kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Iṣẹ́ ńlá lẹ ń ṣe yẹn, inú mi dùn sí i gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí àtohun tẹ́ ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. “Àwọn òṣèré gbìyànjú”, ta nìyẹn ràn lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó ṣe olorì kẹ̀yìn sérò nígbà tó ń sunkún, débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀ pé ẹkún ni, wọ́n ṣáà ń rẹ́rìn-ín, òótọ́ lẹ sọ, kò sí èébú níbẹ̀, dírẹ́kítọ̀ á sì mọ ibi tó máa tún ṣe. Ìyá ẹ̀ gan-an ò ní rí nǹkan bá yín jà sí.

Ẹ má jọ jókòó síwájú gbogbo yín o. Kẹ́nì kan lọ sẹ́yìn pátápátá, nítòsí jẹnẹrétọ̀ tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ohùn ń dé. Ìwé kékeré àti bírò ni kẹ́ ẹ mú dání, torí iná fóònù máa ń da àwọn tó ń ṣeré láàmú. Tíná bá sì lọ láàárín eré, ẹ̀bi wọn kọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe nínú òkùnkùn yẹn wà lára eré: ṣé wọ́n kàn dúró ni, àbí ẹnì kan dá orin tí gbogbo èrò gbè é? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo dírámà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1944, ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó ni Hubert Ògúndé ṣe eré nípa ọgbà Édẹ́nì fún, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945. Àmọ́ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n wọ́n. Àwọn ọmọ skúùlù tó kàn ń ṣeré fún ìgbádùn, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ wọn ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó gbówó ìwọlé.

Tí wọ́n bá fi èdè Owé, ìyẹn èdè àwọn ará Kàbà, tàbí ti Yàgbà ṣe é, kì í ṣe àbùkù, tèmi tiẹ̀ ni pé ó yẹ ká yìn wọ́n. Ẹ kọ gbólóhùn kan bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ẹ má tún un ṣe. Ẹ sì máa wo aṣọ dáadáa. Gbogbo aṣọ pupa kọ́ ló jẹ́ ọ̀kan náà: aṣọ ìpò, aṣọ pupa táwọn obìnrin Bùnú máa ń hun láyé àtijọ́, ìsìnkú àwọn ìjòyè ńlá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, tẹ́nì kan bá wá wọ irú ẹ̀ jó níbi ìgbéyàwó lórí stéèjì, ẹ bi dírẹ́kítọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Àgbàlagbà tó jókòó tì yín lè mọ̀ ju òun gan-an lọ.

Ẹni tí àbúrò ẹ̀ wà nínú eré, kó má kọ nípa ẹ̀, kẹ́lòmíì kọ ọ́. Ráìsì tí wọ́n pín fún gbogbo èèyàn, ẹ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gba àpò owó. Ẹ má tú àṣírí ìparí eré tí wọ́n ṣì fẹ́ gbé lọ sí Ìsánlú.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, títí kan onílù àtẹni tó rán aṣọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ kọ han àwọn ná, orúkọ àti ọjọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, ìyókù tiyín ni.